Ojú Tí A Fi Ń Wo Kòkó Ni Kí A Fi Máa Wo Àgbàdo Ilé

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá nínú ìwé yìí kò ṣàjèjì sí yín, nítorí pé ọ̀rọ̀ nípa bíbu ni. Kò sí àgbẹ̀ kòkó kan ní ilẹ̀ yìí tí kò mọ ohun tí bíbu lè ṣe fún ọjà rẹ̀.

Ẹ rántí bí a ti ń yẹ kòkó wò. Olùyẹ̀wò yóò bu horo kòkó láti inú àpò, yóò fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì wo inú wọn fínnífínní. Èyí tí kòkòrò ti jẹ, yóò yà á sọ́tọ̀. Èyí tó ti bu, yóò yà á sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò kà wọ́n. Ìlànà tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé sọ pé nínú 100 horo kòkó gíréèdì kìn-ín-ní, èyí tó bu kò gbọdọ̀ ju 3 lọ. Ní ti gíréèdì kejì, kò gbọdọ̀ ju 4 lọ. Nítorí èyí ni ẹ fi ń sá kòkó yín títí yóò fi gbẹ dáadáa. Nítorí èyí ni tọmọdé tàgbà fi ń sáré jáde nígbà tí òjò bá ṣú, kí wọ́n lè bo kòkó kí ó tó rọ̀.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan: ta ni ń la àgbàdo inú ilé wa wò?

Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan, mo bẹ àgbẹ̀ kan wò ní abúlé oko rẹ̀, ní ọ̀nà Aládé. Àgbàlagbà ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. Ìwọ̀nba kòkó tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ wà lórí pẹpẹ gíga, tápólì sì wà ní ìtòsí tí yóò fi bò ó. Nígbà tí a wọ ilé ìdáná, mo rí àpò àgbàdo méjì tí a gbé ka ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ní igun ògiri. Ìsàlẹ̀ àpò náà ti tutù. Mo ki ọwọ́ bọ inú àgbàdo náà, mo sì bá a pé ó ń gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Mo ní kí ó jẹ́ kí a tú u sílẹ̀ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má da ara yín láàmú. Èyí kì í ṣe ti títà. Ti jíjẹ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Kòkó tí àlejò yóò jẹ ní òkè òkun, a tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Àgbàdo tí ọmọ tiwa yóò fi mu ògì, a gbé e ka ilẹ̀ tútù. Àgbẹ̀ náà kò fẹ́ràn owó ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Kò tíì sí ẹni tó sọ ohun tó wà nínú bíbu fún un ni. Òun ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

OHUN TÍ BÍBU JẸ́

Ohun tí ń hù lára oúnjẹ nígbà tó bá bu kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Ohun abẹ̀mí ni. Ìbátan olú tí ẹ ń rí lára igi jíjẹrà nínú oko kòkó ni. Irúgbìn rẹ̀ kéré ju lẹ́búlẹ́bú èlùbọ́ lọ, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e kiri. Ó wà nínú ilẹ̀ oko, ó wà lára háhá àgbàdo àti èèpo ẹ̀pà, ó sì wà nínú àpò àtijọ́ tí a kò gbọ̀n dáadáa. Ohun mẹ́ta péré ni ó ń wá kí ó tó lè hù: oúnjẹ, ooru àti ọ̀rinrin. A kò lè mú ooru kúrò ní ilẹ̀ Ìdànrè, a kò sì lè ṣe aláìní oúnjẹ nílé. Ọ̀rinrin nìkan ni agbára wa ká. Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú, nítorí pé òun ni gbogbo ìmọ̀ràn tó wà nínú ìwé yìí dúró lé.

Oríṣiríṣi ni olú bíbu yìí. Púpọ̀ nínú wọn kò ju kí wọ́n ba adùn oúnjẹ jẹ́ lọ. Àwọn kan sì wà tí ń tu májèlé sínú oúnjẹ tí wọ́n bá hù lé. Olórí wọn ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Aspergillus flavus, tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí ewé tó ń pọ́n. Májèlé rẹ̀ ni a ń pè ní aflatoxin. Òmíràn wà tí ń jẹ́ Fusarium, tí ń ba àgbàdo jẹ́ láti orí ìdúró ní oko. Òmíràn sì wà tí ń tu májèlé tí a ń pè ní ochratoxin, tí ń ba kíndìnrín jẹ́. A máa ń rí èyí nínú kòkó tí a kò sá dáadáa. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti fi òfin dè é pé ochratoxin inú lẹ́búlẹ́bú kòkó kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 3 lọ nínú kílò kan. Ẹ rí i báyìí pé ohun tí a ń sọ kan àpò owó yín, ó sì kan inú ìkòkò ọbẹ̀ yín.

Májèlé yìí kò ní òórùn, kò ní adùn tàbí ìkorò, ojú kò sì lè rí i. Ìwọ̀n kékeré rẹ̀ sì tó láti ṣe ìpalára. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin kò gba aflatoxin ju ìpín 20 lọ nínú bílíọ̀nù kan ìpín oúnjẹ ènìyàn. Bí a bá ka horo àgbàdo bílíọ̀nù kan sílẹ̀, iye tí a ń wí kò ju horo 20 lọ nínú wọn. Ní Yúróòpù, ìpín 4 péré ni wọ́n gbà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ oúnjẹ oníhoro.

BÍ AYÉ ṢE MỌ MÁJÈLÉ NÁÀ

Ní ọdún 1960, tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ìwọ̀nba oṣù. Àwọn dókítà ẹran wá ìdí rẹ̀ títí. Nítorí pé wọn kò mọ orúkọ tí wọn yóò pè é, wọ́n pè é ní àrùn X. Nígbà tó yá, wọ́n tọpa ikú náà dé inú oúnjẹ tí àwọn ẹran náà jẹ: ẹ̀pà lílọ̀ tí a kó wá láti ilẹ̀ Bùràsíìlì ni, ó sì ti bu. Láti ara orúkọ olú tí wọ́n rí nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀dá orúkọ aflatoxin. Láti ìgbà náà ni ìwádìí ti ń lọ, àjọ tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti kà á mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa àrùn jẹjẹrẹ lára ènìyàn.

OHUN TÍ Ó Ń ṢE LÁRA ÈNÌYÀN

Ọ̀nà méjì ni májèlé yìí ń gbà ba ara jẹ́. Ọ̀kan yára, èkejì sì lọ́ra bí ikán inú òpó ilé.

Èyí tó yára ni ó ṣẹlẹ̀ ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà ní ọdún 2004. Òjò rọ̀ sórí àgbàdo nígbà ìkórè, àwọn ará ibẹ̀ sì kó o wọ inú ilé ní tútù. Ó bu níbẹ̀, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé oúnjẹ kò pọ̀. Ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, inú wọn ń wú, ẹ̀dọ̀ wọn sì ń kú. Ènìyàn 317 ni àìsàn náà mú. 125 nínú wọn ni ó kú. Àgbàdo tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn ni wọ́n jẹ.

Èyí tó lọ́ra ni ó wọ́pọ̀ láàárín tiwa, òun ni ó sì yẹ kí a bẹ̀rù jù. Ẹni tí ń jẹ májèlé yìí díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní dá ọjọ́ tí ara ń ro ó mọ̀. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò máa gba ìyà náà lábẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè di àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Bí ẹni náà bá tún ní àrùn ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní hẹpatáítísì B nínú ara, ewu náà á di ńlá. Ní Shanghai, ní ilẹ̀ Ṣáínà, àwọn onímọ̀ tẹ̀ lé ọkùnrin tí ó lé ní 18,000. Ní ọdún 1992 àti 1994, wọ́n kéde pé ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fún ẹni tí ó ní aflatoxin àti hẹpatáítísì B pọ̀ lára tó bí ìlọ́po 60 ti ẹni tí kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Hẹpatáítísì B sì wọ́pọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ tuntun kankan pàdánù abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a fi ń dènà rẹ̀. Ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé wá ni ó dùn mí jù. Ẹ wo àwọn aládùúgbò wa ní Benin àti Tógò, tí oúnjẹ wọn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí tiwa. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2002 yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ 480 wò níbẹ̀, láti ọmọ oṣù 9 títí dé ọmọ ọdún 5. Nínú ọmọ 100, 99 ni ó ní àmì aflatoxin nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọn kò ga tó bí ọjọ́ orí wọn ti rí, àti àwọn tí ara wọn fúyẹ́ jù, ni ó ní i jù. Ní ọdún 2004, a tẹ ìwádìí kejì jáde, èyí tí a ṣe lórí ọmọ 200 ní Benin. Wọ́n wọn gíga àwọn ọmọ náà fún oṣù 8. Àwọn tí májèlé náà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn fi sẹ̀ǹtímítà 1.7 rẹ̀yìn nínú gíga sí àwọn tí tiwọn kéré jù. Wọ́n sì ṣàkíyèsí pé ìgbà tí a bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, tí a bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní oúnjẹ àgbàdo, ni májèlé náà ń pọ̀ sí i nínú ara rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, ní àwọn ọdún 1990, àwọn dókítà ní Ilé-Ifẹ̀ rí aflatoxin nínú ọpọlọ, ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín àwọn ọmọdé tó ti kú. Èmi kò sọ pé òun nìkan ni ó pa wọ́n, nítorí pé àìjẹunre-kánú àti àwọn àrùn mìíràn máa ń bá a rìn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí a ń bá irú ohun bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyá tí ń jẹ oúnjẹ bíbu tilẹ̀ lè fi májèlé náà ránṣẹ́ sí ọmọ láti inú wàrà ọmú. Ẹ má torí èyí dáwọ́ ọmú dúró, nítorí pé kò sí oúnjẹ tó dára tó o fún ìkókó; oúnjẹ ìyá ni kí a tún ṣe.

ÀWỌN OÚNJẸ TÍ Ó YẸ KÍ A ṢỌ́

Àkọ́kọ́ ni àgbàdo. Ẹ mọ ìṣòro tiwa: àgbàdo àkọ́kọ́ tí a gbìn ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin máa ń gbó ní oṣù Keje tàbí Kẹjọ, nígbà tí òjò kò tíì dá. Oòrùn tí à bá fi sá a kò tó, ìkùukùu sì ń bo orí Òkè Ìdànrè ní òwúrọ̀. Ìgbà yìí ni bíbu ń rí àyè wọlé.

Èkejì ni ẹ̀pà, pàápàá èyí tí èèpo rẹ̀ ti fọ́ àti èyí tó súnkì. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀pà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ti bó tí wọ́n sì ti lọ̀ pọ̀, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò lè mọ irú horo tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́. Bákan náà ni kúlíkúlí tí a kò mọ ibi tí ó ti wá.

Ẹ̀kẹta ni gbodo tí a fi ń lọ èlùbọ́. Iṣu tí a bẹ, tí a bọ̀, tí a sì sá sí etí ọ̀nà ní ọjọ́ òjò lè bu kí ó tó gbẹ. Bí a bá ti lọ̀ ọ́ tán, àwọ̀ dúdú èlùbọ́ yóò bo àṣírí rẹ̀. Iyán tí a fi iṣu tútù gún kò ní irú ewu yìí.

ÈRÒ TÍ KÒ TỌ̀NÀ

Àwọn kan ní, "Iná yóò pa á." Rárá o. Iná pa olú náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n májèlé tí ó ti tu sílẹ̀ kò bá a kú. Ooru omi híhó kò lágbára tó láti tú u ká, ì báà jẹ́ ògì, ẹ̀kọ, ẹ̀gbo tàbí àmàlà.

Àwọn kan ní, "A ti fọ̀ ọ́, ó ti mọ́." Fífọ̀, bíbó èèpo àti sísẹ́ ògì máa ń dín in kù, mo sì rọ̀ yín pé kí ẹ máa ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn kò mú un kúrò tán. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tí ẹ sì tún sá a, funfun ara rẹ̀ ni ó lọ, kì í ṣe ohun tó ti wọ inú rẹ̀.

Àwọn kan tún ní, "Ẹ jẹ́ kí a fún adìẹ." Èmi náà ti wí bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyá kan bi mí léèrè ohun tí òun yóò fi àgbàdo bíbu ṣe, mo sì dá a lóhùn kíákíá pé kí ó dà á fún àwọn adìẹ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Àwọn òròmọdìẹ kò dàgbà, àwọn àgbébọ̀ sì ti dáwọ́ ẹyin dúró. Kò bá mi jà. Ó kàn dákẹ́, ó ń wò mí. Mo ti kọ́ nípa tòlótòló ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́, síbẹ̀ n kò rántí rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó yẹ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá náà. Ẹran tó bá jẹ oúnjẹ bíbu lè kú. Bí kò bá sì kú, májèlé náà lè wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, nínú ẹyin rẹ̀, tàbí nínú wàrà rẹ̀ bí ó bá jẹ́ màlúù. Orí tábìlì wa náà ni yóò padà sí.

OHUN TÍ ÀGBẸ̀ YÓÒ ṢE

Igi gànnàgànnà má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Nítorí pé a kò lè yọ májèlé yìí kúrò tán nígbà tó bá ti wọlé, ọ̀nà tó dára jù ni pé kí a má jẹ́ kí ó wọlé.

1. Ẹ tètè kórè. Nígbà tí háhá bá ti gbẹ, ẹ yin horo díẹ̀ kí ẹ sì wo ìdí wọn. Bí ibi tí horo ti so mọ́ ṣùkù bá ti dúdú, àgbàdo náà ti gbó. Ẹ má fi í sílẹ̀ lórí ìdúró kí òjò àti kòkòrò máa bá a jà.

2. Ẹ má kó o jọ ní òkìtì sórí ilẹ̀ lásán, kódà fún alẹ́ kan. Ẹ bó háhá rẹ̀, kí ẹ sì ya èyí tó ti bu sọ́tọ̀ láti oko.

3. Ẹ sá a sórí pẹpẹ, ẹní tàbí tápólì, kí ó má fi ara kan ilẹ̀. Pẹpẹ tí ẹ fi ń sá kòkó kì í fi bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ púpọ̀ ní oṣù Keje àti Kẹjọ. Ẹ gbá a mọ́, kí ẹ sì lò ó fún àgbàdo. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ máa rò ó, kí ẹ sì bò ó bí òjò bá ń bọ̀ àti ní alẹ́ nítorí ìrì. Bí oòrùn bá kọ̀ láti yọ, ẹ gbé e sórí àjà lókè iná ìdáná bí àwọn baba wa ti ń ṣe.

4. Ẹ dán gbígbẹ rẹ̀ wò. Ẹ mú ìgò gbígbẹ kan tí a lè rí inú rẹ̀, kí ẹ da àgbàdo díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ fi ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ méjì tàbí mẹ́ta sí i. Ẹ dé e, kí ẹ mì í dáadáa, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo náà ṣì tutù; omi inú rẹ̀ ju ìpín 15 nínú 100 lọ. Bí kò bá lẹ̀, ó ti ń gbẹ. Ṣùgbọ́n kí a tó lè tọ́jú rẹ̀ pẹ́, omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìpín 13 lọ. Nítorí náà, ẹ tún fi oòrùn kún un. Àgbàdo tó gbẹ tán yóò le lábẹ́ eyín, yóò sì dún nígbà tó bá fọ́.

5. Ẹ ṣà á. Èyí ni iṣẹ́ tí kò ná yín ní kọ́bọ̀, tí èrè rẹ̀ sì pọ̀ jù. Nínú àpò kan, ìwọ̀nba horo díẹ̀ ni ó máa ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú májèlé náà. Ẹ yọ èyí tó bu, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, èyí tó súnkì, èyí tó fọ́, àti èyí tí kòkòrò ti lu. Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún ẹ̀pà àti gbodo, kí a tó gbé wọn lọ sí ẹ̀rọ. Ohun tí ẹ bá ṣà jáde, ẹ sun ún tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ níbi tó jìnnà sí oko àgbàdo.

6. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi tó gbẹ. Ẹ gbé àpò ka orí pákó, kí ó má fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Ẹ lo àpò tuntun, tàbí kí ẹ fọ àtijọ́ kí ẹ sì sá a. Àpò alápá mẹ́ta tí a ń pè ní PICS, tí ó ní ọ̀rá méjì nínú, dára púpọ̀, nítorí pé kò gba afẹ́fẹ́ láàyè, kòkòrò á sì kú sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbàdo tó gbẹ nìkan ni kí ẹ dì sínú rẹ̀.

7. Ẹ má fi oúnjẹ kan ṣoṣo bọ́ ọmọ. Ògì ní òwúrọ̀, ẹ̀kọ ní ọ̀sán àti àgbàdo ní alẹ́ ń kó gbogbo ewu jọ sí ojú kan. Ẹ fi ẹ̀wà, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ kún un.

ṢÉ Ó ṢEÉ ṢE FÚN ẸNI TÍ KÒ LÓWÓ?

Mo mọ̀ pé ó ń dun àgbẹ̀ láti da oúnjẹ nù. Ẹni tí ebi ń pa kò ní fi àrùn ogún ọdún tí ń bọ̀ ṣe ìṣirò. Nítorí náà ni mo fi fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Guinea. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2005 kan abúlé 20 àti ènìyàn 600. Ní abúlé 10, wọ́n kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọn yóò ti máa ṣà ẹ̀pà, bí wọn yóò ti máa sá a sórí ẹní, bí wọn yóò ti máa dì í sínú àpò ìdọ̀họ, kí wọ́n sì gbé e ka orí pákó. Wọ́n fi abúlé 10 yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 5, aflatoxin inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n kọ́ kò tó ìdajì ti àwọn yòókù. Ẹní, pákó, àpò àti ọwọ́ ni olórí ohun èlò tí wọ́n lò. Àgbẹ̀ bí ẹ̀yin ni wọ́n.

IṢẸ́ TÍ Ó KU SỌ́WỌ́ ẸGBẸ́ ALÁJẸṢẸ́KÙ

Ohun kan wà tí ó wúwo fún ẹnì kan tí ó sì fúyẹ́ fún ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ lè ra tápólì ńlá tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa lò kiri. Ẹgbẹ́ lè ní ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn omi inú horo, kí olúkúlùkù máa gbé àgbàdo rẹ̀ wá wò. Ẹgbẹ́ sì lè yan ọjọ́ tí tọkùnrin tobìnrin yóò jókòó ṣà àgbàdo kí ó tó wọ àká.

Bákan náà, ẹgbẹ́ lè pawọ́ pọ̀ ra Aflasafe. Ilé-ìwádìí IITA tó wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1967 ni ó ṣe é pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ wa, àjọ NAFDAC sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2014. Olú Aspergillus ilẹ̀ wa kan náà ni, ṣùgbọ́n irú tí kò lè tu májèlé ni wọ́n ṣà, tí wọ́n fi bo horo ọkà bàbà tó ti kú. A ń fọ́n ọn sínú oko nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kí àgbàdo tó yọ òdòdó, kílò 10 fún hẹ́kítà kan. Èyí tí kò ní májèlé yóò gba ilẹ̀ mọ́ èyí tó ní i lọ́wọ́. Ó lè dín aflatoxin kù ní ìwọ̀n 80 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, kò rọ́pò sísá àti ṣíṣà.

ÌPARÍ

Mo padà sí ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀. A tú àpò méjèèjì náà sórí tápólì kòkó rẹ̀ ní ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì jókòó yí i ká. Àpò ìsàlẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá ṣíṣà. A rì í mọ́lẹ̀. Nínú èkejì, ohun tí a yọ kúrò kò ju igbá kan àti ààbọ̀ lọ. Baba náà wo igbá náà, ó wo ọmọ kékeré tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo bá àgbàdo rẹ̀ lórí pẹpẹ, ní ibi tí kòkó ń wà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwọn olùrà ti ní olùyẹ̀wò tí ń bá wọn la kòkó wò. Àwọn ọmọ wa kò ní olùyẹ̀wò kankan lẹ́yìn wa. Nígbà tí ẹ bá tún gbé àpò àgbàdo wọlé, tí ẹnì kan bá sọ pé, "Ti jíjẹ ni," ẹ dá a lóhùn pé, "Nítorí pé ti jíjẹ ni, ẹ jẹ́ kí a tú u wò."